Obìnrin Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sá Aṣọ Alátakò Rẹ̀ Sójú Títì

Ẹnu mi rèé o!

Etí wa rèé!

Ẹnu mi ti gbọ̀nà o!

Etí wa ń bá a lọ!

Bó bá ṣìnà ńkọ́?

A ó pè é padà!

Ó dáa, ẹ sún mọ́ra. Ìwọ tó ń kọrin lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ láàárọ̀ yìí títí ó fi sunkún, má sá sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni kí o jókòó sí. Ìtàn tòní kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ẹkùn. Ti èèyàn ni, ẹni tí mo fi ojú mi méjèèjì rí, tí a jọ gbé orí òkè kan náà.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Alágbàfọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, débi pé bí o bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè máà bojú wẹ̀yìn. Láti ìgúnpá dé ọmọ ìka, apá rẹ̀ ti gbó bí awọ bàtà, nítorí ọṣẹ àti omi gbígbóná. Láti ìgúnpá sókè, ó ń dán bí ti ọmọge. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń to báàfù sí: báàfù ọṣẹ, báàfù omi tó fi ń ṣan aṣọ, báàfù búlúù fún aṣọ funfun. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òwú tirẹ̀. Kí aṣọ tó kan omi, á ti fi abẹ́rẹ́ ran òwú bíńtín sí ìṣẹ́tí rẹ̀, pupa fún ilé tíṣà, àwọ̀ ewé fún ilé awakọ̀, kí aṣọ ẹnì kan má baà di ti ẹlòmíràn.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà, ó sì jogún òfin rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Aṣọ kì í parọ́. Ohun tí èèyàn jẹ, ibi tó jókòó sí, ẹni tó sunkún sí i léjìká, aṣọ á sọ gbogbo rẹ̀. Ìwọ ni á sọ ọ́ fún. Omi nìkan ni kí ìwọ náà sọ ọ́ fún."

Omi yìí gan-an ló wá di wàhálà. Páìpù omi ìlú dé ẹsẹ̀ òkè, ó dúró gbọnin. Kò gòkè. Gbogbo àwa tá a wà lókè, orí la fi ń ru omi. Lọ́jọ́ kan, aboyún kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ tòun ti garawa. Alágbàfọ̀ ló pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alágbàfọ̀ padà dé ibi tí ó sọ garawa tirẹ̀ sí, kò gbé e. Ó dúró wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó tó. Mò ń lọ du ipò káńsẹ́lọ̀."

A kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló rẹ́rìn-ín jù, onígbàjámọ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní oríta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìgbìmọ̀ ìlú lẹ fẹ́ lọ rẹ sínú ọṣẹ ni?"

"Tó bá dọ̀tí, kí ló dé tí mi ò ní rẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín tán. Ká tó mọ̀, onígbàjámọ̀ ti ń lẹ àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ara dígí ìsọ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó gẹrun pé, "Ta lẹ máa dìbò fún?" Abẹ ń bẹ lórí ẹni náà nígbà yẹn. Ta ló máa fún un ní ìdáhùn tí kò fẹ́?

Ẹni tó wà lórí àga káńsẹ́lọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Onígẹdú. Ẹsẹ̀ òkè ni ibi tó ti ń la igi wà, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké láti òwúrọ̀ bí ọmọ tó ń hu eyín. Ohun tó ń wá ní tirẹ̀ ni pé kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà ńlá, kí ọkọ̀ gẹdú rẹ̀ lè máa kọjá. Ọ̀rọ̀ omi òkè kò sí létí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ìwà kan. Gbogbo igi tó bá rà ló ń lù ní òǹtẹ̀: àwòrán ayùn nínú òbìrí. Nígbà tó yá, òǹtẹ̀ kọjá igi. Ó dé ara àga, ó dé ìdí ìkòkò ìyàwó rẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú ran án sí etí gbogbo aṣọ ilé rẹ̀, dórí aṣọ ìbùsùn. A máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìẹ Onígẹdú bá yé, ká yí ẹyin náà wò dáadáa, ayùn á wà nídìí ẹ̀.

Ó wáá ṣẹlẹ̀ pé Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé àwọn aṣọ ìbùsùn kan wá nínú àpò ìyẹ̀fun, nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo, kò jẹ́ rán ọmọ ọ̀dọ̀. Alágbàfọ̀ á sè wọ́n lọ́tọ̀, á sá wọn sí okùn ẹ̀yìnkùlé, á na bùláńkẹ́ẹ̀tì sí apá ọ̀tún, á na òmíràn sí apá òsì, kí ojú má baà tó wọn. Ẹ̀yin ọmọ, àìsàn kan wà tó ń mú àgbàlagbà, tí omi ara rẹ̀ kò ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́ lójú oorun. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọtí.

"Màmá Àgbà, ṣé ó ń tọ̀ sílé ni?"

Mo ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́. Pa ẹnu dé.

Nígbà tí Onígẹdú gbọ́ pé Alágbàfọ̀ lòun máa bá du ipò, ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ìbò ló bà á lẹ́rù, ẹnu ni. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mọ ohun tí ìyá òun gan-an kò mọ̀. Kó tó lanu, kí òun ti ba ẹnu náà jẹ́. Àbí ẹ ò rí i? Ẹni tó bá mọ ohun tóun ì bá ṣe, ó rò pé ohun tí gbogbo ayé máa ṣe nìyẹn.

Bí ọkọ̀ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí àdúgbò ká nìyẹn, tòun ti gbohùngbohùn lórí. "Ẹ̀yin èèyàn! Ara ta ló ń yún un? Ẹ bi í pé ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀! Alágbàfọ̀ tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, aṣọ òkú ló ń fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọdé! Báàfù kan náà! Ọṣẹ kan náà!"

Irọ́ tó bá ti òkèèrè wá, kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi òótọ́ díẹ̀ lú ló ń rìn jìnnà. Nígbà tí bíríkìlà arúgbó kan kú ládùúgbò wa, Alágbàfọ̀ bá opó rẹ̀ fọ aṣọ tó kú sórí rẹ̀. Inú agolo ńlá lọ́tọ̀ ló ti sè é, kò gba kọ́bọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, Onígẹdú ló pò ó.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ara ń yún yín, ṣé ara ò ní í yún yín ni? Ẹ wò ó, ẹ ti ń họra. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òkè ṣe ń họra nígbà náà. Èmi náà họ ọrùn títí, aṣọ tó sì wà lọ́rùn mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó aṣọ wọn. Ìyàwó tíṣà ló kọ́kọ́ dé. "Àǹtí, kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n ń sọ o. Bàbá wọn ló ní ká ṣì sinmi díẹ̀."

Alágbàfọ̀ di ẹrù náà fún un. "Ẹ sinmi dáadáa. Ṣé ìdọ̀tí náà ti gbà láti sinmi?"

Awakọ̀ wá. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń gba ẹrù rẹ̀. Kò pẹ́, okùn ìsáṣọ wá gbófo bí ẹnu arúgbó.

Onígbàjámọ̀ gòkè wá pẹ̀lú ìbínú, aṣọ ìgẹrun ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un lésì!"

"Mò ń fún un lésì. Wá bá mi gbé báàfù yìí."

Alágbàfọ̀ gbé báàfù kúrò lẹ́yìnkùlé, ó tò wọ́n síwájú ilé, lẹ́bàá ọ̀nà gan-an, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa ti rí i. Ìwọ̀nba aṣọ tó ṣẹ́kù ló ń fọ̀ níbẹ̀, ti ilé kan lẹ́yìn ti ilé kan, tó bá da omi nù, á dà á lójú gbogbo wa. Bí ọkọ̀ gbohùngbohùn bá ń kọjá, á gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, á gbọ̀n ọ́n pàá! Omi á ta sí awakọ̀ náà lójú. Àwa á bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n ń gbé báàfù, ó ti rí àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé.

"Aṣọ ta lẹ máa ń fi ìyẹn bò?"

"Aṣọ ẹni tó gbé e fún mi."

"Ti Onígẹdú ni, àbí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin yẹn. Gbólóhùn kan péré, màá fi parí ìbò yìí ní oríta."

Alágbàfọ̀ ò dáwọ́ dúró. "Bí mo bá sọ ti ẹnì kan, ti gbogbo ìlú ni mo sọ yẹn. Ìwọ náà ńkọ́? Ta ló ń fọ ṣòkòtò rẹ?"

Onígbàjámọ̀ yí ẹ̀yìn padà. Ó gba ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Àṣé ohun tí a ń bò mọ́lẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ti máa tú. Onígẹdú kò lè gbé aṣọ fún ẹni tó ń fi gbohùngbohùn bú mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá gbé àpò ìyẹ̀fun lọ fún ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ ìfọṣọ sẹ́bàá títì ńlá. Kíákíá là ń pe ọmọ náà, torí bó o bá gbé aṣọ fún un láàárọ̀, ọ̀sán ló máa ní kó o wá gbà á. Kíákíá kò burú o. Iṣẹ́ ló ń kánjú ṣe. Kò se aṣọ náà, ó kàn fi ọṣẹ pa á lójú ni, ó sì sá a sórí okùn rẹ̀, ní iwájú ìsọ̀, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Àbàwọ́n dúró lórí aṣọ náà bí àwòrán ilẹ̀ ńlá láàárín òkun. Ní etí rẹ̀, gbàǹgbà, ni àwòrán ayùn nínú òbìrí wà.

Ta ni kò mọ òǹtẹ̀ yẹn? Ọmọ ìkókó mọ̀ ọ́n.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fi kọrin:

Gẹdú ńlá, gẹdú ńlá!
Òjò ò rọ̀, ó tutù!
Ẹ sá a síta, ẹ sá a síta!
Òjò ò rọ̀, ó tutù!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Inú gbogbo àwa ará òkè dùn, àwa tí wọ́n sọ pé ara ń yún. Onígbàjámọ̀ yá gbohùngbohùn, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ìsọ̀ rẹ̀, òun ló ń lé orin, oríta kún fọ́fọ́. Ẹ̀rọ ìlagi dákẹ́ lójijì nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Onígẹdú ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Orin náà gòkè bá Alágbàfọ̀ nídìí báàfù. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde. Kò nu ọwọ́. Pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ ní apá méjèèjì ló fi sọ̀ kalẹ̀ dé oríta, ó gba ẹnu gbohùngbohùn lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dá orin yẹn dúró."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá, ìjà yín là ń bá yín jà!"

"Kì í ṣe ìjà mi. Omi ni ìjà mi."

"Òun ló kọ́kọ́ bà yín jẹ́!"

"Ó bà mí jẹ́. Irọ́ ló pa mọ́ mi, màá sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí mo bá a jà fún náà rèé: ó jókòó sórí àga yẹn, páìpù kò gòkè. Ọ̀nà ọkọ̀ gẹdú rẹ̀ ló ń rò, aboyún ń ru omi. Ẹ fi ìyẹn kọrin bí orin bá ń pa yín. Ṣùgbọ́n àìsàn ara ọkùnrin yẹn kò bá mi du ipò kankan. Àìsàn kò ní àwòrán ìbò lára ògiri." Ó wo gbogbo wa yíká. "Ta ni nínú yín tí aṣọ rẹ̀ kò dé ọwọ́ mi rí? Kó nawọ́."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú àpò.

"Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá fẹ́ gun orí aṣọ ìbùsùn Onígẹdú wá dìbò fún mi, kó jókòó sílé. Mi ò fẹ́ ìbò yẹn."

Onígbàjámọ̀ di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fi ẹnu ara yín lé ìbò lọ!"

Alágbàfọ̀ gbé gbohùngbohùn lé tábìlì. Ó sọdá lọ sí ìsọ̀ Kíákíá.

"Aṣọ yìí kò tíì mọ́."

"Màmá, mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

"O sè é?"

"Rárá, Màmá."

"Aṣọ ìbùsùn, a máa ń sè é. Ẹ̀yìnkùlé la sì ń sá a sí. Bí ìwọ ò bá ní ẹ̀yìnkùlé, má gbà á." Ó ká a, ó yí àbàwọ́n sínú, ó gbé e rù, ó gòkè lọ. Orin kò tún jáde mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń túká, wọ́n ń kùn pé alágídí ni obìnrin yìí, pé oore ń pa á lára.

Nígbà tí aṣọ náà gbẹ, tó lọ̀ ọ́ tán tó ń dán, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ. Ìyàwó Onígẹdú ló pàdé lẹ́nu géètì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ṣé ẹ wá wo bí ojú ṣe ń tì wá ni?"

"Rárá o, ìyá. Aṣọ yín ni mo gbé wá."

Onígẹdú yọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo sọ fún wọn."

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ aṣọ yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀yin kì bá tí dé orí àga yẹn rárá."

Ọkùnrin náà wo aṣọ, ó wo apá Alágbàfọ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kí lo wá ń fẹ́ báyìí?"

"Àga yín ni mo fẹ́. Ìbò ni mo sì fẹ́ fi gbà á."

"O ò ní kí n lọ kó ọ̀rọ̀ aṣọ òkú yẹn jẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ lẹnu yín, Bàbá. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi fọ̀, ọwọ́ mi máa jẹ́rìí sí i." Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Onígẹdú kò kó o jẹ. Ó kàn ní kí ọkọ̀ náà dákẹ́ ni, àwa sì ṣì ń họra. Wọ́n dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Onígẹdú ló wọlé. Kò fi púpọ̀ jù ú, ṣùgbọ́n ó jù ú. Àwọn ará òkè kan wà tí wọ́n jókòó sílé lóòótọ́, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe. Onígbàjámọ̀ bínú débi pé ó gẹ orí tíṣà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, Alágbàfọ̀ gbé báàfù síwájú ilé. A rò pé ojú á máa tì í. Ó ń fọṣọ ni, pàá, pàá. Ìgbà yẹn la rí ọkùnrin kan tó ń gòkè bọ̀ lójú oòrùn, àpò ìyẹ̀fun lórí rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Onígẹdú ni. Òun fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Gbogbo wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó kọrin.

"Níbo ni kí n gbé e sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé," ni Alágbàfọ̀ wí, kò sì gbójú sókè. Ó wáá fi kún un pé, "Bàbá, màá tún jáde du àga yẹn o."

"Mo mọ̀," ni Onígẹdú wí.

Kò fi ṣeré. Nígbàkígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ń ṣèpàdé tí ará ìlú lè wọ̀, Alágbàfọ̀ á gbé garawa òfìfo, á jókòó níwájú pátápátá, á gbé garawa lé itan bí ọmọ. Wọ́n bi í pé, "Ìyá, kí ni garawa yìí wá ṣe?"

"Ó ń dúró de omi."

Wọ́n bi í títí, ó sú wọn. Kò sú garawa. Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ sì ń padà sórí okùn rẹ̀. Ìyàwó tíṣà tún gbé tirẹ̀ wá. Ó ní Kíákíá ti sọ aṣọ funfun ọkọ òun di aláwọ̀ òféfèé.

Nígbà tí ìdìbò tún dé, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Onígẹdú gun orí ọkọ̀, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn! Ara ta ló ń yún—" Onígẹdú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aṣọ mi wà, gbogbo yín rí mi tí mo gbé e lọ. Ara ò yún mi. Irọ́ ni èmi pa nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo bá wá, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà." Ó sì sọ ọ́, kò burú. Alágbàfọ̀ náà sọ ọ̀rọ̀ omi. Àwa gbọ́ ti ọ̀nà, a gbọ́ ti omi, a wo orí wa tó ti pá nítorí òṣùká, a lọ dìbò.

Alágbàfọ̀ wọlé.

Páìpù kò yá o. Wọ́n pàdé àpáta láàárín òkè, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní àwọn ń padà. Ó gbé àpótí síbẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, tòun ti garawa, títí àpáta fi là. Ẹ̀rọ tí ẹ ń fi ẹnu mu omi rẹ̀ bí ewúrẹ́ lọ́nà ilé ìwé, tí mo sọ pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, òun náà ni.

"Màmá Àgbà, ṣé Onígẹdú ṣì máa ń gbé àpò ìyẹ̀fun wá?"

Ohun tí gbogbo ìlú fojú rí ni mo sọ fún yín. Ohun tó wà lẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò kàn mí, kò kàn ọ́.

Ó tó báyìí. Ẹnu mi ti délé, kí etí yín náà lọ sùn. Ẹ dìde, ẹ bu omi ṣan ẹsẹ̀, ẹ má dà á nù ní ìdàkudà. Bí ẹní ẹnikẹ́ni bá tutù kílẹ̀ tó mọ́, kó rọra wá fọwọ́ kàn mí, a ó jọ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹni tí mo bá sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, òun ni yóò fọ̀ ọ́.